Àgbẹ̀ Oníṣu Tó Ń Sin Ewúrẹ́

Iṣẹ́ àgbẹ̀ tó ń gbin iṣu, tó tún ń sin ewúrẹ́, bíi ti ọ̀pọ̀ ará Òkè-Ògùn, kì í ṣe iṣẹ́ méjì tí ẹnì kan kàn pa pọ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù lára ọ̀kan ni èkejì ń jẹ.

Bí òjò bá ti ń lọ sópin, kí ilẹ̀ tó le, ni wọ́n ti ń kọ ebè. Ọkọ́ ni àgbẹ̀ fi ń wọ́ erùpẹ̀ òkè tó lọ́ràá jọ, nítorí inú rẹ̀ ni iṣu yóò ta sí. Tí ó bá fi mítà kan sáàárín ebè kan sí òmíràn, hẹ́kítà kan yóò gba 10,000. Ẹ̀yìn ẹni tó ti kọ ọ́ rí ló mọ ohun tí iye yẹn jẹ́. Èébù tí wọ́n gé lára orí iṣu ló ń yára hù jù. Eérú ni wọ́n ń fi ra ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà kó má baà jẹrà, wọ́n á sì fi koríko gbígbẹ dé ebè lórí.

Ibi tí ọgbọ́n iṣẹ́ náà ti jinlẹ̀ jù ni ìkórè àkọ́kọ́, ní nǹkan bí oṣù Keje tàbí Ìkẹjọ. Àgbẹ̀ kì í wa iṣu yìí tìtakùn-tìtakùn. Yóò rọra gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ebè, yóò fi ọwọ́ wá iṣu kàn, yóò gé e lábẹ́ orí rẹ̀ láìfa gbòǹgbò já, yóò sì da erùpẹ̀ padà. Bí ọwọ́ bá rọ̀, ewé ìtakùn náà kò ní rọ; yóò tún ta iṣu kéékèèké tí yóò di èébù ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá le yóò ra èébù lọ́jà. Nínú gbogbo iṣẹ́ oko, kò sí èyí tó wuyì tó èyí, tí ojú kò rí, tí àtẹ́lẹwọ́ nìkan ń ṣe.

Èèpo iṣu àti ti ẹ̀gẹ́ di oúnjẹ ewúrẹ́. Ti ẹ̀gẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbẹ lóòrùn, nítorí májèlé wà nínú èyí tó ṣì tutù. Wọ́n tún ń já ewé iyeye àti àgunmániyè fún wọn. Oṣù 5 ni ewúrẹ́ fi ń lóyún, èyí tó kúrú nílẹ̀ Yorùbá sì sábà máa ń bí ìbejì.

Òwúrọ̀ ni àgbẹ̀ ń ka àìsàn lára ẹran. Èyí tí kò bá sáré jáde nígbà tí wọ́n ṣí ilé ẹran, tí ikun ń dà nímú rẹ̀, tí ó ń ṣe ipin, tó sì ń yàgbẹ́ gbuuru, ó lè ti kó PPR, àrùn tó lè gbá agbo mọ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún un. Láti ara kòkòrò tí wọ́n rí ní Nàìjíríà lọ́dún 1975 ni wọ́n ti ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní Nigeria 75/1, tó sì ń dáàbò bo ẹran fún ọdún 3, ó kéré tán.

Ìgbẹ́ ewúrẹ́ ni wọ́n ń gbá jọ sábẹ́ ibòòji títí ooru rẹ̀ yóò fi lọ. Nígbà tí àsìkò ebè bá tún dé, inú ebè tuntun ni wọ́n ń dà á sí.