Ta Ló Gun Ta?

Ẹni tó bá rí i lórí okùn ìsáṣọ, nígbà tí wọn ò tíì fẹ́ atẹ́gùn sí i, lè rò pé àpò ìrọ̀rí ni wọ́n fọ̀ tí wọ́n sá sóòrùn. Aṣọ náílọ́ọ̀nù ni, ojú rẹ̀ pín sí ọ̀nà mẹ́rin lóòró, fáàfù kékeré kan sì wà ní igun rẹ̀. Gígùn rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 5 lọ. Bí wọ́n bá ká a, àpò ṣòkòtò gbà á. Ohun tí àwọn kan ní California àti ní ìlà-oòrùn Australia fi ń gun ìgbì òkun nìyẹn, tí wọ́n sì máa ń fi kọjá lára ẹni tó dúró lórí pátákó olówó ńlá.

Orúkọ kan pàtó kò tíì sí fún un lẹ́nu Yorùbá. Ẹní atẹ́gùn ni àpilẹ̀kọ yìí yóò máa pè é, torí pé ẹní ni lóòótọ́: ikùn ni wọ́n fi ń dùbúlẹ̀ lé e, wọn kì í dúró, wọn kì í kúnlẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀gàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín àwọn agungbì, ìdúró ni iyì. Ẹni tó dúró ni wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀, òun ni adájọ́ ń fún ní máàkì, òun sì ni ilé-iṣẹ́ ń sanwó fún kó máa polówó ọjà wọn. Ẹni tó dojú délẹ̀ lórí ohun tí wọ́n fi ẹnu fẹ́, ọmọdé ni wọ́n kà á sí. Ìdájọ́ yẹn kò tọ́. Ojú ni wọ́n fi ń díwọ̀n ọnà tó jẹ́ pé ara ló ń gbọ́ ọ.

Dókítà ló ṣe èyí tó kọ́kọ́ gbajúmọ̀. Ní Bronte, létí òkun Sydney, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, Dókítà Ernest Smithers ṣe ohun kan tí wọ́n ń pè ní Surfoplane. Rọ́bà tó nípọn ni, ojú rẹ̀ ṣe ebè àti poro bí oko. Àwọn tó ń yá a fún èrò wà létíkun Bondi àti ní àwọn etíkun mìíràn ní Sydney. Èèyàn á sanwó, á gbé tirẹ̀, ó di inú omi. Pákó gidi ni pátákó ìgbì láyé ìgbà náà, ó gùn, ó sì wúwo. Kì í ṣe ohun tí ẹni tó wá najú lópin ọ̀sẹ̀ lè gbé. Rọ́bà Smithers ló jẹ́ kí tọkùnrin tobìnrin, tàgbà tèwe, mọ bó ṣe ń rí kí ìgbì gbéni. Ní Amẹ́ríkà, rọ́bà tí wọ́n fi kánfáàsì bò ni wọ́n ń yá èrò ní etíkun California. Kánfáàsì yẹn a máa bó èèyàn láwọ àyà. Àwọn ọmọ á bó, wọ́n á tún padà wá lọ́jọ́ kejì.

Lẹ́yìn náà ni fóòmù dé. Ní Oṣù Keje ọdún 1971, ní Hawaii, Tom Morey gé fóòmù kan, ó tẹ́ ìwé ìròyìn lé e, ó fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́ títí ojú rẹ̀ fi dán. Ohun tó jáde ni Boogie board. Kì í jò, kò nílò èémí ẹnikẹ́ni, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Kò pẹ́ tó fi lé ẹní atẹ́gùn kúrò lórí omi. Bó bá ṣe pé ọjà ni adájọ́, ẹjọ́ ti parí níbẹ̀.

Ọkùnrin kan wà tí kò tẹ̀lé ọjà. Wọ́n bí George Greenough ní 1941, Santa Barbara ní California ló sì dàgbà sí, kó tó di pé ó kó lọ sí ìtòsí Byron Bay ní Australia. Ó gbajúmọ̀ pé kì í wọ bàtà. Òun ló wo ìrù ẹja tuna, tó fi àpẹẹrẹ rẹ̀ ṣe lẹbẹ kan tó ń tẹ̀ tó sì ń nà, tí wọ́n ń kàn mọ́ ìdí pátákó. Nat Young, ará Australia, lo irú lẹbẹ bẹ́ẹ̀ nígbà tó gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje àgbáyé ní San Diego ní 1966, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí pátákó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú káàkiri ayé. Greenough fúnra rẹ̀ wà lórí eékún ní tirẹ̀, lórí pátákó kékeré kan tí àárín rẹ̀ jinnú bí ṣíbí, tó fẹ́lẹ́ débi pé ó ń tẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó tún ìdúró àwọn ẹlòmíràn ṣe, òun kò dúró. Nígbà tó yá, ó fi ìkúnlẹ̀ náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó padà sórí ẹní atẹ́gùn tó ti mọ̀ láti kékeré.

Àwọn kan rí ìpadà yẹn bí àṣà ọkùnrin tó kàn fẹ́ dá yàtọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kan náà ló ń tọ̀ láti orí lẹbẹ títí dé orí ẹní: ohun tó bá ń tẹ̀ ló ń gbọ́ràn sí omi lẹ́nu. Lẹbẹ rẹ̀ ń tẹ̀. Pátákó rẹ̀ ń tẹ̀. Ẹní atẹ́gùn kò tilẹ̀ ní ibi tí kò tẹ̀ lára. Ní àwọn ọdún 1980, Paul Gross ní California bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èyí tó pè ní Fourth Gear Flyer, ẹní náílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó pa kánfáàsì àti rọ́bà ńlá tì. Irú rẹ̀ ni àwọn tó mọ̀ ọ́n gùn ń lò dòní.

Àṣírí rẹ̀ wà nínú bí atẹ́gùn inú rẹ̀ ṣe kéré tó. Àwọn tó ń fún táyà ní atẹ́gùn lẹ́bàá títì yóò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Agungbì á dúró létí omi, á fi ẹnu bo fáàfù, á fẹ́ ẹ títí ẹní á fi yó. Lẹ́yìn náà á tú díẹ̀ sílẹ̀, ṣììì, á tẹ̀ ẹ́ wò, á tún tú díẹ̀ sí i, títí ẹní á fi rọ̀ débi pé bó bá gbé e lé apá, ó máa ṣẹ́ po sí méjì bí aṣọ tí wọ́n fi kọ́ èjìká. Bó bá sì wọ omi tútù, atẹ́gùn inú rẹ̀ á tún sún kì, ẹní á tún rọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ kì í gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Á fẹ́ tirẹ̀ títí yóò fi le gbandi, ìgbì á sì máa ta á nù bí ẹni tó fẹ́ jókòó lórí bọ́ọ̀lù.

Bí a bá ń wá ohun tó jọ ọ́ nílẹ̀ Yorùbá, ká má wo ọ̀dọ̀ ọkọ̀ ojú omi. Dùndún ni ká wò. Onílù dùndún kì í fi kọ̀ǹgọ́ nìkan sọ̀rọ̀. Ọwọ́ kejì tó di ọṣán mú ló ń fún un, tó tún ń dẹ̀ ẹ́, tí ohùn fi ń ròkè tó fi ń relẹ̀. Agungbì náà di igun iwájú méjèèjì mú. Bó bá fún igun ọ̀tún, atẹ́gùn á sá kúrò níbẹ̀ lọ sí ibòmíràn nínú ẹní, ibẹ̀ á le, ibí á rọ̀. Bó bá tú ọwọ́, atẹ́gùn á padà. Ìgbì ń tẹ̀ ẹ́ láti ìsàlẹ̀, àyà rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ láti òkè, ọwọ́ rẹ̀ kò sì sinmi. Ẹní kò ní lẹbẹ, ó lè yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbàkigbà; ẹsẹ̀ méjèèjì, nínú bàtà ìlúwẹ̀ẹ́ tó rí bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, ló ń ṣe ìtọ́kọ̀ lẹ́yìn. Níbi tí ojú omi ti rí gbágungbàgun, tí pátákó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún, ẹní á mú ìrísí omi náà, á gba ibẹ̀ kọjá bí ejò nínú koríko. Ojú agungbì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Ìgbì tí kò ju eékún ẹni tó dúró lọ, òkè ni lójú ẹni tó dùbúlẹ̀.

Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kí àwọn tó ń ṣe lámèyítọ́ eré yìí yá. A ń gun ẹṣin, a ń gun òkè, a ń gun igi. Ṣùgbọ́n òrìṣà náà a máa gun èèyàn. Ẹni tí Ṣàngó gùn ni ẹlẹ́gùn, kò sì sí ẹni tó máa sọ pé ẹlẹ́gùn ló ń darí Ṣàngó. Síbẹ̀ ẹlẹ́gùn kì í ṣe igi gbígbẹ. Ó ti kọ́ bí ara ṣe ń gbà, ijó rẹ̀ ní ìlànà, ó mọ ìlù tó ń jó sí. Ẹni tó dúró lórí pátákó ń gun ìgbì bí ẹni gun ẹṣin: á gé e sọ́tùn-ún, á gé e sósì, á fò kúrò lórí rẹ̀, adájọ́ á sì máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Lórí ẹní atẹ́gùn, ìgbì ló ń gun èèyàn. Ọgbọ́n ẹni tó wà níbẹ̀ wà nínú bó ṣe gbà á, bó ṣe mọ ìgbà tí yóò fún ọwọ́ àti ìgbà tí yóò dẹ̀ ẹ́. Àfiwé yìí ní ibi tó dé tó fi dúró o. Agungbì kì í gbàgbé ara rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń pa àgbò fún ìgbì ní Santa Barbara.

Kì í ṣe òyìnbó ló kọ́kọ́ fi ikùn bá ìgbì lọ. Àwọn ará Hawaii ní pátákó kúkúrú tí wọ́n ń pè ní paipo fún un. Ní etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà níhìn-ín, Jean Barbot, oníṣòwò ẹrú ará Faransé, wà ní Elmina ní 1679. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rí àwọn ọmọdé tó so pákó tàbí ìdì koríko etí odò mọ́ ikùn, tí wọ́n ń fi kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Ní àwọn ọdún 1830, James Alexander, sójà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí àwọn ọmọkùnrin ní Accra tí wọ́n gbé pákó fúyẹ́fúyẹ́ sábẹ́ ikùn, tí wọ́n lúwẹ̀ẹ́ lọ dúró de ìgbì, tí wọ́n sì bá a bọ̀ wálẹ̀. Kevin Dawson, òpìtàn ará Amẹ́ríkà, ti tú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ wò nínú ìwé rẹ̀, Undercurrents of Power, tó jáde ní 2018. Pákó Accra ni àwọn èèyàn sábà máa ń tọ́ka sí, torí pé ó jọ pátákó òde òní. Ìdì koríko Elmina yẹn ló wu òǹkọ̀wé yìí jù. Lóòótọ́, ìlúwẹ̀ẹ́ ni Barbot pe ẹ̀kọ́ wọn, kò pè é ní ìgùngbì. Àmọ́ ohun tó rọ̀, tó ń léfòó, tó sì ń mú ìrísí ara ọmọ tó sùn lé e ni, ohun tí Smithers sì wá fi rọ́bà wá kiri nìyẹn. Ní Tarkwa Bay l’Ékòó lónìí, pátákó ìdúró ni àwọn ọ̀dọ́ ń gùn. Ta ni yóò dá wọn lẹ́bi? Fọ́tò ìdúró ló ń gbé èèyàn dé ojú ayé.

Ká má sì fi ìfẹ́ bo àbùkù. Ẹní atẹ́gùn a máa jò. Ìgbì ńlá tó bá wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lè já a gbà lọ́wọ́ ẹni. Láti etíkun, kò ṣeé wò rárá: orí kan àti èjìká méjì nínú ìfófòó, tó kọjá fìrì. Òǹwòran tó sanwó wọlé á béèrè owó rẹ̀ padà. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ náà sì ní àsọdùn tiwọn. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbogbo ẹni tó dúró lórí pátákó ni kò mọ nǹkan kan. Nat Young mọ nǹkan. Ohun kan tún wà tí kì í ṣe àríyànjiyàn: kí ẹnikẹ́ni má ṣì í mú fún bẹ́ẹ̀dì oníke tí wọ́n ń tà fún ìgbafẹ́ létíkun, èyí tí atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti orí ilẹ̀ lè gbá lọ sójú agbami. Òmùwẹ̀ ni ẹni tó ń lo ẹní atẹ́gùn. Bó bá jò tán lábẹ́ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ lè lúwẹ̀ẹ́ padà sílé.

Bí ojú kò bá rí ọnà yìí láti etíkun, ibo ni kó ti wá wò ó? Ẹni tó padà sórí ẹní náà ló dáhùn. Greenough fi àpótí tí omi kò lè wọ̀ bo kámẹ́rà kan, ó wúwo ju kílò 10 lọ, ó gbé e pọ̀n, ó wọ inú ihò ìgbì. Ní 1970 ó gbé fíìmù The Innermost Limits of Pure Fun jáde. Ní 1973, àwòrán tó yà ni wọ́n fi parí Crystal Voyager, nǹkan bí ìṣẹ́jú 23, pẹ̀lú orin Echoes ti Pink Floyd. Kò sí akọni níbẹ̀, kò sì sí máàkì. Omi ká lókè bí òrùlé, ìmọ́lẹ̀ ń gba ẹnu ihò wọlé, ohun gbogbo ń falẹ̀ débi pé èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka ẹ̀kán omi tó ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òǹwòran kò wo agungbì mọ́. Ibi tí agungbì wà ni òun náà wà. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu, títí kan èyí tí ẹ ń kà yìí, tó sọ bó ṣe ń rí kí ìgbì gunni tó ìṣẹ́jú 23 yẹn. Ẹ wò ó ná, kí ẹ tó pe ẹní atẹ́gùn ní nǹkan ìṣeré ọmọdé.