Legba Tí Wọn Ò Jẹ́ Kó Sọ̀rọ̀

Sinimá Vers le sud, tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Heading South, ti jáde láti ọdún 2005, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò tíì gbó. Laurent Cantet, ará Faransé, ló darí ẹ̀. Inú àwọn ìtàn tí Dany Laferrière kọ ló ti fa á yọ, Laferrière sì rèé, ọmọ bíbí Port-au-Prince ni. Háítì ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ní ìparí àwọn ọdún 1970, lábẹ́ ìjọba Jean-Claude Duvalier. Àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun láti Amẹ́ríkà àti Kánádà wá gbafẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì kan létíkun. Oòrùn àti omi òkun nìkan kọ́ ni wọ́n bá wá o. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin dúdú tó wà létíkun náà wà lára ohun tí wọ́n ń fi owó wọn rà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó fẹ́ pè é ní rírà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi orúkọ yẹn. Tí bàbá ẹni ọdún 55 bá gbéra láti ìlú olówó, tó lọ sí ìlú tálákà, tó ń fún àwọn ọmọbìnrin lówó kí wọ́n lè bá a sùn, gbogbo wa la mọ ohun tí à ń pe irú ẹ̀. Tó bá wá jẹ́ obìnrin, ọ̀rọ̀ á yí padà: wọ́n á ní ìfẹ́ ni, wọ́n á ní ó kàn ń fún ara ẹ̀ nísinmi ni. Àwa náà ńkọ́? Tí ọmọkùnrin kan bá gbé fọ́tò òun àti ìyá òyìnbó sí íntánẹ́ẹ̀tì, a óò ní, "Ọmọ ti blow nìyẹn!" Tí ọmọbìnrin bá ṣe irú ẹ̀ pẹ̀lú bàbá òyìnbó, aṣẹ́wó la óò pè é.

Cantet ò gba àwáwí yẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ellen, tí Charlotte Rampling ṣe, ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ Faransé ní Amẹ́ríkà, kò sì fi bò pé òun mọ ohun tí òun ń ṣe. Brenda, tí Karen Young ṣe, ní tiẹ̀ ń pè é ní ìfẹ́. Síbẹ̀ Brenda yìí kan náà ló jókòó síwájú kámẹ́rà, tó ń sọ pé ọmọ ọdún 15 ni Legba nígbà tí òun kọ́kọ́ bá a sùn ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, òun alára sì jẹ́ ẹni ọdún 45. Ká ní ọkùnrin ló sọ ọ̀rọ̀ yìí nípa ọmọbìnrin, a ò ní jẹ́ kó parí ẹ̀.

Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ kíkọ kóòdù ní àṣà kan: tí a bá fẹ́ mọ ohun tí ètò kan ń ṣe gan-an, a óò pààrọ̀ ohun tí à ń fún un, a óò wá wò ó bóyá èsì máa yí padà. Cantet pààrọ̀ ọkùnrin sí obìnrin, èsì ò yí padà. Ẹni tó lówó lọ́wọ́ ló ń pinnu ìgbà tóun máa dé, ìgbà tóun máa lọ, àti orúkọ tí ohun tóun ṣe máa jẹ́. Òótọ́ ni pé ìyà kan ń jẹ àwọn obìnrin yìí nílé. Ellen ṣàlàyé bí àwọn ọkùnrin ìlú rẹ̀ ṣe ń fojú fo obìnrin tó bá ti lé lógójì ọdún. Sinimá náà gbọ́ ẹjọ́ wọn dáadáa, ibi tó sì dára sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n fi ń wo ọgbẹ́ ara wọn.

Ibi tí àwa ti ní ẹjọ́ bá Cantet rèé. Brenda bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀. Ellen náà sọ tiẹ̀. Sue tó wá láti Kánádà sọ tiẹ̀. Kódà Albert, ọmọ Háítì tó ń bójú tó òtẹ́ẹ̀lì náà, sọ tiẹ̀: ó sọ nípa ìdílé rẹ̀ tó kórìíra àwọn ará Amẹ́ríkà látìgbà tí wọ́n ti fi ọmọ ogun gba Háítì ní 1915, ó ní dọ́là tí wọ́n ń kó wá lóde òní ń ba nǹkan jẹ́ ju àgbá ìbọn lọ. Legba ńkọ́? Kò sí. Ménothy Cesar tó ṣe Legba gba ẹ̀bùn ọ̀dọ́ òṣèré ní Venice lọ́dún yẹn, àmọ́ wọn ò fún un ní ìṣẹ́jú kan péré láti kọjú sí wa, kó sọ tẹnu ẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ẹ tún wo orúkọ tó ń jẹ́. Nínú ẹ̀sìn Vodou ní Háítì, Papa Legba ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kí, torí òun ló ń ṣí ọ̀nà kí ọ̀rọ̀ èèyàn tó lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kù. Ilẹ̀ Dàhòmì ló ti bá àwọn ẹrú débẹ̀, òun àti Èṣù Ẹlẹ́gbára tiwa ò sì jìnnà síra. Ẹni tó ń jẹ́ orúkọ agbọ̀rọ̀sọ ni sinimá yìí wá sọ di odi.

Àwọn kan á ní Cantet mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, kí a lè rí Legba bí àwọn àlejò ṣe ń rí i. A gbọ́. Àmọ́ kámẹ́rà yìí kan náà tẹ̀ lé e kúrò létíkun wọ ìgboro, níbi tí àlejò kankan ò ti rí i. Tó bá lè tẹ̀ lé e débẹ̀, kí ló dé tí kò lè bi í ní ìbéèrè kan?

Àwọn ọmọbìnrin Háítì gan-an, etí ìtàn ni wọ́n wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìyá kan ní pápákọ̀ òfurufú ń bẹ Albert pé kó bá òun mú ọmọbìnrin òun lọ, torí ẹ̀rù ń bà á pé ẹwà ọmọ náà máa kó o sọ́wọ́ àwọn alágbára. Ní ìparí, wọ́n bá òkú Legba létíkun, òkú ọmọbìnrin kan tí wọ́n ti jọ mọra tẹ́lẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ellen padà sílé. Brenda wọkọ̀ ojú omi, ó ń ka orúkọ àwọn erékùṣù tó kù tóun máa lọ.

Ẹ wá sinimá yìí wò. Ó ṣòro kéèyàn wò ó tán kó tún máa fi ọ̀rọ̀ "ọmọ ti blow" ṣẹ̀rín bíi ti tẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá wò ó tán, ẹ bi ara yín ní ohun tí Cantet ò bi Legba: kí ni òun fúnra rẹ̀ ì bá pe nǹkan tí wọ́n ń ṣe fún un yìí?