Ẹ Kú Iṣẹ́, Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Ka Hóró Oògùn

Iṣẹ́ kan wà tí mo ń kan sáárá sí nílé ìwòsàn ní Ìjẹ̀bú-Òde: kíka hóró oògùn tó ṣẹ́ kù sínú ìgò ọmọ tó ní kòkòrò HIV. Nọ́ọ̀sì á ní, “Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká wo ìgò yín.” Á da oògùn sínú abọ́, á máa yà á sọ́tọ̀ ní méjì-méjì. Bí wọ́n bá fún ọmọ ní hóró 60, tó ń lo 2 lójúmọ́, 4 ló yẹ kó kù lẹ́yìn ọjọ́ 28. Bó bá ku 10, ọjọ́ 3 ti lọ láìlo oògùn: ìdá 89 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ìdá 95 la ń lépa.

Àmọ́ iye tó kù lè tan ni jẹ: ọmọ lè tu oògùn dànù. Ìyá tó ń bẹ̀rù ìbáwí sì lè dín ohun tó kù kó tó dé. Ìdí nìyí tí nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ kì í fi í jágbe. Á béèrè ẹni tó ń fún ọmọ lóògùn, àti bóyá ìyá àgbà mọ̀ pé ọmọ ń lo oògùn. Àyẹ̀wò iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ ló máa wá fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀.

Láti 2021 ni oògùn HIV tí wọ́n ń pè ní dolutegravir, ti ọmọdé tó ń yọ́ nínú omi ti ń wọ Nàìjíríà, ó sì dín wàhálà kù. Síbẹ̀, sùúrù ẹni tó ń ka hóró oògùn ló ń mú òótọ́ jáde. Ẹ ò ní ṣiṣẹ́ gbé o.