Ta Ni Yóò Jogún Ilé Ọnà? Àgbéyẹ̀wò Ìṣàkóso Ilé-Iṣẹ́ Ọnà Àwùjọ ní Òṣogbo

Ìfáárà

Ibi ìkọ́ṣẹ́ ọnà kì í ṣe ohun tí ọ̀làjú ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé ilẹ̀ Yorùbá. Agbo-ilé gbẹ́nàgbẹ́nà, agbo-ilé aláró àti agbo-ilé alágbẹ̀dẹ ni ilé-ẹ̀kọ́ ọnà láyé àtijọ́. Ìdílé ni ó ń bọ́ ọmọ tí ó ń kọ́ṣẹ́. Ìdílé náà ni ó sì ń jogún irinṣẹ́, orúkọ àti àṣírí iṣẹ́. Nígbà tí ó di àárín ọ̀rúndún ogún, oríṣi ilé ọnà mìíràn yọjú. Ẹnikẹ́ni lè wọ inú ilé yìí láìjẹ́ pé a bi í léèrè ìdílé rẹ̀. A kò dá a sílẹ̀ torí èrè. Ìlú ń pè é ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìlú ni ó ń bọ́ ọ.

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò mẹ́ta nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Òṣogbo. Èkíní ni Mbárí-Mbáyọ̀. Èkejì ni ilé-ẹ̀kọ́ ọnà tí Níkẹ̀ẹ́ Davies-Okundaye dá sílẹ̀. Ẹ̀kẹta ni Igbó Ọ̀ṣun, gẹ́gẹ́ bí ibi tí àwọn oníṣẹ́ ọnà ti kóra jọ ṣiṣẹ́. Ìfojú-ìbára-ẹni-gbé-pọ̀-wò ni ọgbọ́n ìṣelámèyítọ́ tí àpilẹ̀kọ náà gùn lé. Ọgbọ́n yìí gbà pé iṣẹ́ ọnà kò ṣeé yà nípa kúrò lára ẹni tí ó ṣe é, ẹni tí ó rà á àti ilé tí a ti ṣe é. Ìbéèrè mẹ́ta ni a ó fi wọn ilé kọ̀ọ̀kan: ta ni ó ń bọ́ ọ? Ta ni ó ni í? Ta ni yóò jogún rẹ̀? Kókó ibẹ̀ ni pé ìbéèrè kẹta yìí ni àwọn lámèyítọ́ kì í sábà bi, bẹ́ẹ̀ òun ni ó ń pinnu bóyá ilé ọnà yóò dúró tàbí yóò tú ká.

Ohun tí "àìṣe torí èrè" jẹ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ilé tí a kò dá sílẹ̀ torí èrè ni ilé tí kò gbọdọ̀ tajà, tí yóò máa nawọ́ ìbéèrè sí ìjọba àti sí àwọn òyìnbó. Èrò yìí kò tọ̀nà. Irú ilé bẹ́ẹ̀ lè ta àwòrán, ó lè ta adìrẹ, ó sì lè gbowó lọ́wọ́ àlejò. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín òun àti ṣọ́ọ̀bù ni ibi tí èrè ń lọ. Ní ṣọ́ọ̀bù, oníṣọ́ọ̀bù ni ó ni èrè. Nínú ilé ọnà àwùjọ, inú iṣẹ́ ni èrè ń padà sí: yóò di aró, yóò di kùn, yóò di pákó, yóò di oúnjẹ ọmọ ìkọ́ṣẹ́.

Òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà fara mọ́ èyí. Apá C nínú òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 1990 ni ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn alábòójútó tí a forúkọ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Nínú òfin ti ọdún 2020 tí ó rọ́pò rẹ̀, Apá F ni ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí. Lábẹ́ òfin yìí, owó àti dúkìá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé pín fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bí èrè. Bí ẹgbẹ́ náà bá tilẹ̀ tú ká, ẹgbẹ́ mìíràn tí iṣẹ́ wọn jọra ni ó yẹ kí ohun tí ó ṣẹ́kù lọ sí. Ní èdè kúkúrú, òfin ti mọ̀ pé ilé àwùjọ kì í ṣe ogún ọmọ olùdásílẹ̀. Ohun tí òfin kò lè ṣe ni kí ó wá ẹni tí yóò gba ipò olùdásílẹ̀.

Mbárí-Mbáyọ̀: ilé tí ó tú ká sínú ènìyàn

Ní ọdún 1961 ni àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní ọdún 1962, Dúró Ládípọ̀ àti Ulli Beier dá èyí tí ó jẹ́ àbúrò rẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo, nínú ilé tí Ládípọ̀ ti fi ṣe ilé ọtí tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni mbari. Ó jẹ́ orúkọ ilé tí àwọn ará agbègbè Owerri ń fi amọ̀ kọ́, tí wọ́n sì ń fi ère kún, ní ìbọ̀wọ̀ fún Ala, òrìṣà ilẹ̀. Àwọn ará Òṣogbo gbọ́ orúkọ náà, wọ́n sì yí i sí èdè ara wọn: Mbárí-Mbáyọ̀, ìyẹn ni pé bí mo bá rí i, inú mi yóò dùn. Ẹni tí ó bá fún ọmọ lórúkọ ti gbà pé ọmọ náà kì í ṣe àlejò. Ní ti orúkọ, ìlú ni ó ni Mbárí-Mbáyọ̀.

Ní ti oúnjẹ ńkọ́? Ilé Ládípọ̀ ni wọ́n ń lò, akitiyan Beier àti ìrànwọ́ láti òkèèrè ni ó sì gbé ilé náà ró. Ewu tí ó wà nínú irú ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀ hàn kedere lára Mbari ti Ìbàdàn. Àjọ Congress for Cultural Freedom wà lára àwọn tí ó ń fún un lówó, ṣùgbọ́n láàárín ọdún 1966 sí 1967 ni àṣírí tú pé CIA ti Amẹ́ríkà ni ó wà nídìí owó àjọ náà. Àwọn oníṣẹ́ ọnà kò mọ ibi tí owó ti ń wá, síbẹ̀ orúkọ wọn kò ṣàì fara gbá nínú àríyànjiyàn náà. Ilé ọnà tí kò mọ orísun owó rẹ̀ kò lè dá ara rẹ̀ láre lójú ìlú.

Iṣẹ́ tí ilé náà ṣe kò kéré. Denis Williams, ọmọ Guyana, darí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ní 1962 àti 1963. Georgina Beier darí èyí tí ó lókìkí jù ní 1964. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí kò gùn, kò gbowó, kò sì béèrè ìwé ẹ̀rí. Jimoh Buraimoh tí ó ń bójú tó iná ìtàgé fún ẹgbẹ́ òṣèré Ládípọ̀ di ẹni tí ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ya àwòrán. Twins Seven-Seven tí ó jẹ́ oníjó di ayàwòrán tí gbogbo ayé mọ̀. Muraina Oyelami, Rufus Ogundele, Adebisi Fabunmi àti Jacob Afolabi náà jáde láti inú agbo yìí.

Ìdílé Beier fi Nàìjíríà sílẹ̀ ní ìparí ọdún 1966, Ládípọ̀ sì kú ní 1978. Lẹ́yìn tí ọwọ́ tí ó gbé ilé náà ró ti kúrò níbẹ̀, kò padà sí bí ó ti wà mọ́. Olúkúlùkù oníṣẹ́ ọnà dá ibi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Nínú àṣà Ìgbò tí orúkọ náà ti wá, wọn kì í tún ilé mbari ṣe. Wọ́n á jẹ́ kí ó wó, nítorí pé kíkọ́ rẹ̀ gan-an ni ẹbọ. Bí àsìkò bá tó, wọ́n á kọ́ òmíràn. Èyí lè dà bí àwíjàre fún ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Òṣogbo, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Ní ilẹ̀ Ìgbò, ìlú ni ó ń pinnu pé ó tó àkókò láti kọ́ òmíràn. Ní Òṣogbo, kò sí ìgbìmọ̀ ìlú tí iṣẹ́ náà já lé léjìká.

Ilé Níkẹ̀ẹ́: ilé tí olùdásílẹ̀ ń bọ́

Ní ọdún 1983 ni Níkẹ̀ẹ́ Davies-Okundaye, ọmọ Ògìdì-Ìjùmú, dá ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo. Ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́, pàápàá jù lọ àwọn obìnrin, ní adìrẹ, bátíìkì, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àti àwòrán yíyà láìgba owó ẹ̀kọ́. Owó tí ó ń rí lórí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ilé ìpàtẹ ọnà ní Lẹ́kí, ní ìlú Èkó, dara pọ̀ mọ́ ọn; ọ̀fẹ́ ni ìwọlé síbẹ̀, a sì lè ra iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà níbẹ̀.

Bí a bá fi ìbéèrè kìíní wọ̀n ọ́n, ilé yìí gba oyè ju Mbárí-Mbáyọ̀ lọ. Kò gbọ́kàn lé àjọ òkèèrè kan. Ọjà ni ó ń bọ́ ẹ̀kọ́. Ẹ̀kọ́ ni ó sì ń bí àwọn tí yóò gbé iṣẹ́ wá sí ọjà. Ètò yìí bá àṣà agbo-ilé mu, nítorí ọ̀gá ni ó ń bọ́ ọmọ ìkọ́ṣẹ́ láyé àtijọ́. Ó tún ṣe ohun tí agbo-ilé kò ṣe: ó ṣílẹ̀kùn fún ọmọbìnrin tí kò ní ìyá aláró.

Àmọ́, ohun tí ó ń bọ́ni lè darí ẹni. Bí ọjà bá ń bọ́ ẹ̀kọ́, ohun tí àlejò ń rà lè di ohun tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ń kọ́. Ẹlẹ́kọ tí a ń fi ìyẹ́ adìẹ yà fún ọjọ́ pípẹ́ lè fi àyè sílẹ̀ fún aṣọ tí ó yá tà. Adìrẹ tí ẹ̀rọ tẹ̀ sì ti gba ọjà, ó ń tà ní owó tí kò tó ti aláró. Nítorí náà, ó yẹ kí irú ilé bẹ́ẹ̀ ya apá kan nínú owó rẹ̀ sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ tí kò yá tà ṣùgbọ́n tí kò gbọdọ̀ parun.

Orúkọ olùdásílẹ̀ ni ilé náà ń jẹ́. Agbára ńlá ni èyí, torí orúkọ náà ni ó ń pe àlejò wá. Ẹrù ńlá náà ni, nítorí bí orúkọ ẹnìkan bá jẹ́ òpó ilé, ọjọ́ tí òpó náà bá sinmi ni a ó mọ̀ bóyá ilé ní òpó mìíràn. Àwọn àgbà ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ohun tí ó kù fún irú ilé yìí ni láti yàn láàárín eérú àti ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ nígbà tí ọwọ́ olùdásílẹ̀ ṣì gba irinṣẹ́.

Igbó Ọ̀ṣun: ilé tí ó ti ní onílé

Susanne Wenger, tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, kó àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ jọ láti tún ojúbọ inú Igbó Ọ̀ṣun ṣe. Lára wọn ni Adebisi Akanji tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ bíríkìlà, Kasali Akangbe tí ó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, àti Buraimoh Gbadamosi. Ní 1965 ni ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Ní 1992 ni ààbò náà kan gbogbo rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ hékítà 75. Ní 2005 ni UNESCO fi í kún ogún àgbáyé. Wenger kú ní 2009.

Igbó náà kò kú pẹ̀lú rẹ̀, ìdí rẹ̀ sì ṣe kedere. Kí Wenger tó dé ni igbó náà ti ní onílé: Àtáọ́ja, àwọn àwòrò Ọ̀ṣun, Arugbá àti ọdún Ọ̀ṣun tí ó ń padà wá lọ́dọọdún. Wenger kò dá ilé tuntun sílẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ nínú ilé tí ogún rẹ̀ ti ní ètò. Àwọn ère ibẹ̀ ń fẹ́ àtúnṣe nígbà gbogbo nítorí òjò àti oòrùn, owó rẹ̀ kò sì fi ìgbà kan rọrùn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí ó lè béèrè pé ta ni ó ni í.

Àríyànjiyàn tí ó bo ìbéèrè mọ́lẹ̀

Láti ìgbà Mbárí-Mbáyọ̀ ni àwọn oníṣẹ́ ọnà tí ó ka ìwé ní yunifásítì ti ń bá àwọn ará Òṣogbo jà lórí bóyá iṣẹ́ wọn jinlẹ̀ tàbí ó jẹ́ eré ọmọdé tí òyìnbó fọwọ́ sí. Àríyànjiyàn náà ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó bo ohun tí ó wúwo jù mọ́lẹ̀. Àwọn àlejò ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó ra iṣẹ́ wọ̀nyí. Iwalewahaus tí Beier dá sílẹ̀ ní Bayreuth, ní Jámánì, ní 1981 ní ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọmọ Òṣogbo tí ó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ìpìlẹ̀ ọnà ìlú rẹ̀ lè nílò físà. Kì í ṣe olè ni ó kó wọn lọ. Wọ́n tà wọ́n ni, torí ilé tí a ti ṣe wọ́n kò ní ètò láti tọ́jú ẹyọ kan nínú mẹ́wàá sílẹ̀ fún ọmọ tí ń bọ̀.

Ìkádìí

Àgbéyẹ̀wò yìí fi hàn pé ẹ̀bùn kò wọ́n Òṣogbo rí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àìlówó nìkan ni ó ń pa ilé ọnà. Àìsí ajogún ni. Mbárí-Mbáyọ̀ ní orúkọ láti ọ̀dọ̀ ìlú, kò ní ìgbìmọ̀. Ilé Níkẹ̀ẹ́ ní oúnjẹ tirẹ̀, ìbéèrè ogún ni ó wà níwájú rẹ̀. Igbó Ọ̀ṣun ní ajogún kí ó tó ní ère tuntun, òun ni ó sì dúró láìmì nígbà tí olórí oníṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Fún ẹni tí ó bá ń darí irú ilé yìí lónìí, ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí ó ti wà nílẹ̀ kí kùn àkọ́kọ́ tó gbẹ: ìwé owó tí ìlú lè kà, ìgbìmọ̀ tí aláró, bàbá ìsàlẹ̀ àti ọmọ tí ó ti gba ìyọ̀ǹda wà nínú rẹ̀, àti àpótí tí a ń fi díẹ̀ nínú iṣẹ́ ọdọọdún pa mọ́ sí, tí kò sẹ́ni tí ó gbọdọ̀ tà á. Àwọn olùkọ́ ọnà tí ń jáde ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ ni wọn yóò kó ọmọ lọ wo ohun tí ó wà nínú àpótí náà. Bí wọn kò bá bá nǹkan kan níbẹ̀, ìtàn lásán ni wọn yóò máa pa fún àwọn ọmọ náà.