Ojú Tó Mọ Jíìnsì Wọ̀n

Ní ọjà Katangua l'Ékòó, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta jíìnsì òkìríkà kì í lo téèpù. Wọ́n á wo ìbàdí yín, wọ́n á wo itan, wọ́n á fa ọ̀kan yọ láàárín òkìtì: "Bọ̀dá, tiyín nìyí." Mo gbóṣùbà fún irú ojú bẹ́ẹ̀.

Bí kò bá síbi tí èèyàn ti lè wọ̀ ọ́ wò, wọ́n á ní kẹ́ ẹ de bọ́tìnnì rẹ̀, kẹ́ ẹ fi ibi ìbàdí ṣòkòtò náà yí ọrùn ká. Bí etí méjèèjì bá pàdé lẹ́yìn ọrùn láì fún yín, ó ṣeé ṣe kó gba ìbàdí. Ọgbọ́n yìí máa ń ranni lọ́wọ́, àmọ́ kò mọ nǹkan kan nípa ìdí. Ẹni tí ìdí rẹ̀ tóbi ju ìbàdí lọ, èyí tó gba ìdí àti itan ni kó mú. Télọ̀ á bá a gba ìbàdí wọlé. Èyí tí ìbàdí rẹ̀ bá là sílẹ̀ lẹ́yìn nígbà tẹ́ ẹ bá jókòó kò bá yín mu, bó ti wù kó dáa tó.

Jíìnsì tó jẹ́ kìkì òwú máa ń fẹ̀ díẹ̀ lára, nítorí náà kó fún díẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò burú. Ẹ yẹ àwọn irin kékeré etí àpò wò pẹ̀lú, èyí tí Jacob Davis àti Levi Strauss gbàwé àṣẹ fún ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1873. Àwọn ni kì í jẹ́ kí àpò ya.

Lójú tèmi, jíìnsì ẹlẹ́sẹ̀ gbọọrọ ló yẹ ọ̀pọ̀ èèyàn jù. Bí àyè bá wà láti wọ̀ ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó.