Ìfẹ́ Ọ̀rọ̀ Kan: «Irúnmalẹ̀»

Nínú àkọlé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ni ó ń gba ọkàn òǹkàwé jù. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Iye wà nínú rẹ̀: irún ni àwọn àgbà ń pe ọ̀rìnrin lọ́nà márùn-ún, òun náà ni ó fara sin sínú irinwó, èyí tí í ṣe irún owó. Irúnmalẹ̀, nígbà náà, ni irún imalẹ̀: ogunlọ́gọ̀ òrìṣà.

Fágúnwà fẹ́ràn ìró ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó rẹ ipò rẹ̀ sílẹ̀. Nínú ìtàn rẹ̀, àwọn tí à ń bọ di ẹ̀dá abàmì inú igbó tí ọdẹ ń bá wọ̀jà.

Wọlé Ṣóyínká, tí ó túmọ̀ ìwé náà sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, gbìyànjú láti dá iyì rẹ̀ padà. Daemon ni ó kọ, kì í ṣe demon, kí òǹkàwé má baà fi irúnmalẹ̀ pe èṣù. Lóòótọ́, ó sọ irinwó di ẹgbẹ̀rún. Àbùkù kékeré ni, nítorí ọ̀pọ̀ tí kò lóǹkà ni méjèèjì ń tọ́ka sí.

Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó fi dáàbò bo ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀kọ́ ni èyí fún àwọn tí ń kọ èdè Nàgó sílẹ̀. Kọ irunmale láìfi àmì sí i, ìrun àti ìmàle ni ojú yóò kọ́kọ́ rí, òrìṣà yóò sì ti sá lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ ọ̀rọ̀, kí ó kọ ọ́ pé.