Ògún ní Ọ̀rẹ̀, Ogou ní Háítì: Ìyàtọ̀ Kì í Ṣe Àbùkù

Àwọn kan a máa sọ pé Vodou ilẹ̀ Háítì jẹ́ ẹ̀sìn Yorùbá tí ó ti díbàjẹ́. Èrò yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, nítorí Vodou ní ẹ̀ka púpọ̀: Rada jáde láti inú orúkọ Allada, Kongo láti Kóńgò, Nago láti Ànàgó. Ogou ni aṣáájú ẹ̀ka Nago. Orúkọ Àgbádárìgì hàn lára Ogou Badagri. Ṣùgbọ́n nínú Ogou Chango, Ṣàngó tí ó dá dúró nílé ti di ará agbo Ògún. Jákọ́bù Mímọ́ ni a fi Ogou wé níbẹ̀. Ní Kúbà, Pétérù Mímọ́ ni.

Ìyàtọ̀ wà nílé pẹ̀lú. Ọdẹ inú igbó Òdìgbò a rí Ògún nínú ìbọn. Awakọ̀ ní Ọ̀rẹ̀, lójú ọ̀nà Èkó sí Benin, a rí i nínú irin ọkọ̀. Ogun abẹ́lé tí ó dé Ọ̀rẹ̀ ní 1967 rán ni létí Ògún jagunjagun. Ojú yìí gan-an ni Háítì dì mú, nítorí ogun òmìnira wọn láti 1791 sí 1804.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ṣe àfiwé má ṣe dúró lórí orúkọ nìkan. Iṣẹ́ tí òrìṣà ń ṣe fún àwọn tí ń bọ ọ́ ni òṣùwọ̀n.